Lábẹ́ Fèrèsé Kẹta

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí n kò tíì ga tó ẹni tó lè na ọwọ́ kan ojú fèrèsé, ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Adewui, ní ìlú Lomé, kò ju ilé kékeré kan lọ. Bíríkì amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ara rẹ̀, wọ́n sì fi páànù bò ó. Fèrèsé márùn-ún ló wà lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì. Bí òjò bá ń rọ̀, a kì í gbọ́ ohun tí Fadá ń wí mọ́, ẹnu rẹ̀ là ń wò. Àyíká ibẹ̀ kò rí bí ẹ ṣe ń rí i lónìí, ẹ̀yin ọmọ mi. Lónìí, bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí ní Adewui, ọjà ni ẹ ó kọ́kọ́ bá pàdé, ariwo ọ̀kadà yóò sì gba etí yín kan. Nígbà náà, oko ẹ̀gẹ́ ló yí ṣọ́ọ̀ṣì ká. Ilẹ̀ pupa ni, bí a bá sì ti Mísà dé lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyá mi á ní ká fọ ẹsẹ̀ wa kí a tó wọlé.

Ṣakí ni àwọn òbí mi ti wá. Bàbá mi ń ta aṣọ, ó máa ń gbé e lọ sí Atakpamé àti àwọn ìlú òkè, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́hùn-ún kó tó padà. Ìyá mi ń ta òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnì ní ọjà. Nínú ilé, Yorùbá là ń sọ, lọ́jà, Mina, ní ilé ìwé, Faransé, ọmọ tó bá sì fi èdè ilé rẹ̀ dáhùn ní kíláàsì, ẹgba ni. Èmi ni àkọ́bí. Lẹ́yìn mi, oyún méjì ti bà jẹ́ lára ìyá mi. Nítorí náà, nígbà tó tún lóyún, tí ikùn rẹ̀ sì yọ, gbogbo wa rọra ń rìn nínú ilé bí ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́.

Obìnrin aládùúgbò kan wà, ògiri kan ṣoṣo ló pín ilé wa àti tirẹ̀ níyà. Ará Ifẹ̀ ti ìhà Atakpamé ni, kì í ṣe ti Ilé-Ifẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé. Yorùbá tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, a máa ń fi í rẹ́rìn-ín, òun náà á sì fi tiwa rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ìyá mi fẹ́ràn tó o ní àdúgbò. Òun ló gbẹ̀bí ìyá mi lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ́, ẹ ní láti mọ ohun kan nípa Lomé ìgbà náà, ìyẹn oorun ọ̀sán. Àwọn Faransé ló fi kọ́ ìlú wa, ó sì wọ̀ wá lára ju àwọn tó kọ́ wa lọ. Bí oúnjẹ ọ̀sán bá ti kúrò nílẹ̀, ọ́fíìsì á tì, ṣọ́ọ̀bù á tì, àwọn olùkọ́ á gba ilé wọn lọ, ìlú á sì pa rọ́rọ́ títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀ díẹ̀. Ọmọdé kò gbọdọ̀ pariwo ní wákàtí yẹn. Bàbá mi ti nà mí nígbà kan rí nítorí pé mo jí i láti sọ fún un pé àlejò dé. Ó ní ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ kì í jí àgbà lójú oorun, ńṣe ló ń dúró. Mo gba ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ tó ń gba ẹ̀kọ́ ni mí, gbogbo àdúgbò ló fi ìyẹn mọ̀ mí.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ìrọbí mú ìyá mi, oyún náà kò sì ju oṣù méje lọ. Bàbá mi ti rìnrìn àjò. Aládùúgbò wa ránṣẹ́ wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Tokoin, ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó dé, ọmọ ti dé. Ọkùnrin ni. Mo rí i. Àtẹ́lẹwọ́ méjì gbà á. Ó sunkún lẹ́ẹ̀kan, ẹkún bí ti ọmọ ológbò, lẹ́yìn náà kò sunkún mọ́, ó kàn ń mí. Aládùúgbò wa fi òwú bò ó, ó sì gbé e lé ìyá mi láyà. Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí ìyá mi pè mí. Ó ní kí n lọ pe olùkọ́ katikísìmù, kó wá ṣe ìsàmì fún ọmọ náà kíákíá. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó ní, “Má dúró lójú ọ̀nà o.”

Olùkọ́ katikísìmù yìí ló ń di ipò Fadá mú nígbà náà, nítorí pé Fadá òyìnbó tí a ní máa ń lọ káàkiri àwọn abúlé fún ọjọ́ púpọ̀. Àgbà ọkùnrin ni, ó le, ó sì ní àánú. Ilé rẹ̀ wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì jìn díẹ̀ sí ilé wa.

N kò dúró lójú ọ̀nà. Mo sáré débi pé okùn bàtà mi kan já, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ olùkọ́, ó ti sùn lọ lórí àga, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé àyà, ó ń hanrun. Mo dúró níwájú rẹ̀. Mo wúkọ́ díẹ̀, kò jí. Mo ní kí n fọwọ́ kan apá rẹ̀, ọwọ́ mi kò lọ. Mo wá kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo ń dúró kó jí fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Nígbà tí mo kúnlẹ̀, oòrùn wà lórí àtẹ̀gùn tó ga jù. Nígbà tó la ojú, oòrùn ti sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí gbogbo àtẹ̀gùn náà, ó ti wà lórí ilẹ̀ lásán.

Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo dé. Mo ní ìsinsìnyí ni. Di òní olónìí, n kò mọ ohun tó mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, olùkọ́ sì dìde bí ọ̀dọ́mọkùnrin, ó mú ìgò omi mímọ́, ó sáré níwájú mi gba inú oòrùn lọ.

Nígbà tí a wọlé, aládùúgbò wa ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ kò. Ìyá mi ṣì gbé ọmọ náà mọ́ra. Aládùúgbò wa mi orí sí olùkọ́, ó ní kò tíì pẹ́ tí ó lọ. Kò tíì pẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò létí mi láti ìgbà náà.

Ìyá mi bojú wò mí. Kò bínú. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ó ní, “Ṣé o sáré?”

Mo ní, “Mo sáré, mà.”

Òótọ́ sì ni.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé olùkọ́ yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó jókòó ti ìyá mi, ó di ìgò náà mú láìṣí i, ó sì ṣàlàyé fún un ní ohùn jẹ́jẹ́ pé ọmọ tí kò gba ìsàmì kò lè wọ ibi ìsìnkú àwọn Kristẹni. Ohun tí wọ́n fi kọ́ òun nìyẹn, òun kò sì ní agbára láti yí i padà. Ìyá mi bi í pé ṣé wọn kò wá lè sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ní ìta, níbi tí ohùn orin á ti máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

Ó ní, “N kò lè fún yín láṣẹ. Ṣùgbọ́n lọ́la, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, èmi yóò sùn.”

Àwa mẹ́ta la lọ ní ọjọ́ kejì: ìyá mi tí kò yẹ kó tíì dìde nílẹ̀, aládùúgbò wa tó fi ọkọ́ pamọ́ sábẹ́ aṣọ ìró rẹ̀, àti èmi. Èmi ni mo gbé àbúrò mi. Wọ́n fi aṣọ funfun dì í, wọ́n tẹ́ ẹ sínú abọ́ tánganran, wọ́n fi aṣọ mìíràn bò ó, wọ́n gbé e lé mi lórí, nítorí pé ọmọdébìnrin tó ru abọ́ kì í fa ojú ẹnikẹ́ni mọ́ra. Kò wúwo. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kò wúwo, kí n má lọ gbàgbé pé ó wà lórí mi, kí n sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo nǹkan. Gbogbo àdúgbò ń sùn. Ajá pàápàá kò gbó wa.

Lápá ọ̀tún ṣọ́ọ̀ṣì, lábẹ́ fèrèsé kẹta bí a bá kà á láti ẹnu ọ̀nà, ni aládùúgbò wa ti gbẹ́ ilẹ̀. Ìyá mi tẹ́ ọmọ rẹ̀ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. A kò kọrin, a kò gbàdúrà sókè. Mo gbójú wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ olùkọ́, mo rí i lórí àga rẹ̀, ó kọ ojú sí ògiri. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kò jìnnà sí wa, ọ̀sán sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, kò hanrun.

Nígbà tí bàbá mi dé, wọ́n sọ fún un pé ọmọ wá, ọmọ lọ. Ó fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò sì béèrè ibi tí wọ́n sin ín sí, nítorí pé nínú àṣà wa, bàbá kì í béèrè irú ibi bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni ìyá mi kò ti jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ìta ló máa ń dúró sí, lábẹ́ fèrèsé kẹta, ó ń gbọ́ Mísà láti ibẹ̀. Bí ó bá tó àkókò kómúníọ̀nù, á wọlé, á gbà á, á sì padà síta. Ó sọ fún àwọn ènìyàn pé ooru inú ilé ń mú òun. Àwọn kan gbà á gbọ́. Àwọn mìíràn ní ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tó dá tí kò fẹ́ jẹ́wọ́. Bàbá mi bá a wí títí, ó ní ó ń dójú ti òun, ó rẹ̀ ẹ́, ó fi í sílẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, á ṣí agbòjò. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á mọ́ lọ́jọ́ ogbó, èmi ni mo máa ń gbé àga lọ síbẹ̀ fún un. A kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, èmi àti òun. Mo gbé àga, ó jókòó, ó tán.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà fẹ́ jáde. Ọdún kejì ni, mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ fún kómúníọ̀nù àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ kan náà. Lọ́jọ́ kan ó kọ́ wa ní ìsàmì. Ó ní Fadá ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá fẹ́ kú, ẹnikẹ́ni lè ṣe é, ì báà jẹ́ obìnrin, ì báà jẹ́ ọmọdé, ì báà jẹ́ ẹni tí kì í ṣe Kristẹni pàápàá. Kó ṣáà bu omi sí i lórí, kó sì sọ ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó ń sọ èyí, pátákó ìkọ̀wé ló kọjú sí, kò bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ní ká lọ há a sórí. Mo dé ilé, mo ń kà á sókè bí ọmọ tó ń gba ẹ̀kọ́, ìyá mi sì jókòó, ó ń ṣa bọ́tìnì dúdú kúrò lára funfun. Mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ó ní, “Tún un wí.”

Mo tún un wí. Ó bi mí pé ṣé ọmọdé náà wà lára àwọn tí olùkọ́ dárúkọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọdé náà wà níbẹ̀. Ó dìde, ó lọ sí ìdí ìkòkò omi tó wà nígun ilé, ó ṣí i, ó wo inú rẹ̀, ó dé e padà. Lẹ́yìn náà ó padà sídìí bọ́tìnì rẹ̀. Ìgbà náà ni èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ní gbogbo àkókò tí mo fi kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ olùkọ́, omi wà nínú ilé wa.

Mo dàgbà, mo lọ́kọ, mo bímọ. Mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé kò sí oorun mi tí wọn kò gbọdọ̀ dá dúró. Wọ́n jí mi nítorí ẹ̀fọn, wọ́n jí mi nítorí àlá, wọ́n jí mi nítorí pé wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá mo ń sùn. N kò bá wọn wí rí. Ọkọ mi ní mo ń bà wọ́n jẹ́.

Ìyá mi ti lọ, ó ti pẹ́. Bàbá mi ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Aládùúgbò wa padà sí Atakpamé, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Olùkọ́ ti kú kí n tó lọ́kọ. Nítorí náà, èmi nìkan ló kù tó mọ ohun tó wà lábẹ́ fèrèsé kẹta, tàbí ohun tí mo rò nìyẹn.

Sanguéra ni mo ń gbé báyìí, lọ́dọ̀ ọmọ mi ọkùnrin, ṣùgbọ́n n kò fi ṣọ́ọ̀ṣì Adewui sílẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi gbogbo ni ọmọ-ọmọ mi ń bá mi wá takisí. Ṣọ́ọ̀ṣì náà kò gba àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń dúró síta báyìí pọ̀ ju àwọn tó ń jókòó lọ, wọ́n ta tapólì fún wọn, oòrùn sì ń pa wọ́n lábẹ́ rẹ̀. Ògiri ti là, páànù ti jo. Nígbà tí Fadá tuntun dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ Ewe, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, a ó tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, a ó sì mú un gbòòrò. Ó yan ìgbìmọ̀. Ó ní kí èmi náà wà níbẹ̀, nítorí pé mo ti wà kí ògiri náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Ní ìpàdé kejì, ọmọbìnrin tó ya àwòrán ilé náà tẹ́ ìwé ńlá sórí tábìlì. Ọmọ ìjọ wa ni, mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ó ń fi ọwọ́ tọ́ka, ó ń ṣàlàyé ní Faransé, ẹnìkan sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Ewe fún àwọn àgbà. Apá òsì, ilé ìwé wà níbẹ̀, a kò lè gbòòrò síbẹ̀. Iwájú, títì ni. Apá ọ̀tún nìkan ló ṣí sílẹ̀. Wọn yóò wó ògiri ọ̀tún, wọn yóò ri òpó jinlẹ̀ sí ilẹ̀, wọn yóò sì kọ́ apá tuntun tí yóò gba àwọn tó wà lábẹ́ tapólì. Ìlà pupa kan gba ojú ìwé náà kọjá. Mo ka fèrèsé. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Orí rẹ̀ gan-an ni ìlà náà gbà.

Gbogbo ènìyàn ń yọ̀. Fadá yíjú sí mi, ó bi mí pé kí ni àgbà rí sí i. Mo ní ó dára.

Ẹ ò rí i? Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, mo tún kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni oúnjẹ kò fi lọ lọ́fun mi. Ọmọ mi fẹ́ gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo wọ takisí, èmi nìkan, mo lọ bá Fadá ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní Faransé tí mo mọ̀, ibi tí Faransé mi bá tán, mo fi Mina kún un. Mo sọ nípa àbúrò mi àti fèrèsé kẹta. Mo sì sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, pé mo dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ ní àsìkò, mo sì kúnlẹ̀. Fadá bọ́ jígí ojú rẹ̀. Ó ní ọmọdé ni mí nígbà náà. Mo dá a lóhùn pé mo mọ̀. Ó wá sọ fún mi pé Ìjọ kò sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ nípa irú ọmọ wọ̀nyẹn, pé ọwọ́ àánú Ọlọ́run ni a fi wọ́n lé, àdúrà ìsìnkú sì wà fún wọn báyìí nínú ìwé. Ó sọ ọ́ kí ó lè tù mí nínú. Ńṣe ni mo sunkún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé èmi kọ́ ni ó yẹ kó gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ó bi mí pé ṣé èmi nìkan ni mo ní ẹni tí a sin síbẹ̀. Mo ní èmi nìkan ni.

Síbẹ̀ ó kéde rẹ̀ lẹ́yìn Mísà, láìdárúkọ mi, pé kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹni tí a sin sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ọ̀tún láyé àtijọ́ wá ní àárọ̀ Sátidé. Mo dé ní àárọ̀ yẹn, mo rò pé èmi àti òun àti bíríkìlà kan ni yóò wà níbẹ̀. Mo bá ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ti ń dúró, ará Ifẹ̀ ni, ó ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ tíṣà. Ó bọ́ fìlà rẹ̀ fún mi. Ó ní fèrèsé karùn-ún, àbúrò òun obìnrin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni obìnrin Ewe kan dé, ọmọ rẹ̀ dì í lápá mú, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Ó fi ọwọ́ tọ́ ògiri lọ títí ó fi dúró. Ọmọ òun fúnra òun ni.

Ẹni tó dé kẹ́yìn ni ọ̀rẹ́ mi. Ìjókòó kan náà ni àwa méjèèjì ti ń jókòó sí ní Mísà láti ìgbà tí irun wa ṣì dúdú. Mo mọ oúnjẹ tí kò bá a lára mu, mo mọ ọmọ rẹ̀ tó ń fún un ní wàhálà, òun náà mọ tèmi. Mo rò pé ó wá kí mi ní “ẹ kú iṣẹ́” ni. Kò wo ojú mi. Ó kọjá lára mi, ó lọ dúró lábẹ́ fèrèsé kejì, ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí ibi tí ìyá mi máa ń dúró sí.

Tíṣà àtijọ́ náà ló kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ tiwọn ṣe jẹ́, pé bàbá òun ló wá bẹ olùkọ́ katikísìmù, olùkọ́ sì kọ̀. Obìnrin tí kò ríran náà gbé orí sókè. Ó bi í ní èdè Ewe pé ṣé olùkọ́ kò sọ nǹkan mìíràn. Tíṣà ní olùkọ́ sọ ọ́. Ó ní òun yóò sùn.

Ọ̀rẹ́ mi fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó rọra jókòó sílẹ̀. Gbogbo wa ni ọkùnrin yẹn sùn fún. Ẹnì kan kò sì mọ̀ nípa ẹnì kejì rẹ̀.

Bíríkìlà náà fi ọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀ níbi tí a fi hàn án, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wá ẹyin adìẹ. Ó gbẹ́ ẹ dé orúnkún, ó gbẹ́ ẹ dé itan. Kò rí nǹkan kan. Ilẹ̀ pupa ni, pupa dé ìsàlẹ̀. Ọmọ tó kéré tó yẹn, Fadá ní, ilẹ̀ kì í pẹ́ gbà á tán. A mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, a ti rò pé a ó rí nǹkan kan, aṣọ pàápàá.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Fadá ní kí àwa mẹ́rin wá. Ọ̀rọ̀ náà ti dá ìgbìmọ̀ sí méjì. Àwọn kan ní èèwọ̀ ni kí a kọ́lé lé ibojì ọmọ lórí, kí a dá iṣẹ́ dúró. Ọkùnrin kan ní òun káàánú wa, ṣùgbọ́n àwọn alààyè ló ń dákú nínú oòrùn, kò sì sí egungun kan nílẹ̀ tí a fẹ́ torí rẹ̀ dá wọn dúró. Ọmọbìnrin ayàwòrán náà ti gbìyànjú láti sún òpó, kò ṣeé ṣe. Fadá ní ọwọ́ wa ni òun fi í sí, bí a bá ní rárá, rárá ni.

Tíṣà wo ilẹ̀. Èmi náà wo ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ló dìde. Kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ó ní, “Ìta ni wọ́n ti wà láti ìgbà yìí wá. Ẹ jẹ́ kí ilé dé ọ̀dọ̀ wọn.”

Obìnrin Ewe náà ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun, nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀, ó mi orí, ó ń mi orí títí a fi jáde. Bí a ṣe fọwọ́ sí àwòrán náà nìyẹn.

Wọ́n bi wá bóyá a fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ náà sí ara ògiri tuntun. Ọ̀rọ̀ rere ni, ṣùgbọ́n orúkọ wo? Kò sí ẹni tó pé ọjọ́ mẹ́jọ nínú wọn. Àbúrò mi kò lo ọjọ́ kan tán láyé, ẹnikẹ́ni kò sì pè é ní nǹkan kan. A ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí Fadá ka àdúrà ìsìnkú lórí ilẹ̀ náà, a kọrin sókè, gbogbo wa, ohùn wa kò sì dùn. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ti yí padà, n kò sì ní purọ́ fún yín pé ti àtijọ́ ló dára jù. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin bí ọmọ oṣù méje lọ́dún tó kọjá. Wọ́n gbé ọmọ náà sínú àpótí tó ń móoru, fóònù ni wọ́n fi pe Fadá, ó sì dé kí n tó wọ bàtà tán. Ọmọ yẹn ti ń rá báyìí, ó ń fa ìgbátí mi ya. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun rere tó ń pẹ́ kó tó dé, ẹni tí kò bá láyé mọ́ kì í mọ̀ pé ó dé. Ìyá mi dúró síta fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nítorí òfin tí àwọn tó wá lẹ́yìn ti wá fi sílẹ̀ jẹ́jẹ́, láìsí ẹni tó lọ sọ fún un.

Èmi náà kò sọ tèmi fún un. Nígbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn tó kẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo jókòó tì í, tí mo la ẹnu, tí mo tún pa á dé. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ó ń sinmi, kí n má ṣe dà á láàmú. Ó kú pẹ̀lú èrò pé ọ̀nà ló jìn. Fadá ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún láyé mi. Ẹ̀yin ni ẹlẹ́ẹ̀kejì.